Lẹ́tà sí ẹni tó ń ṣí lẹ́tà àwọn olólùfẹ́

Ẹ̀yin tí n kò mọ orúkọ yín,

Mo mọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe, n kò mọ ojú yín. Ẹ̀ka M ni wọ́n ń pe ibi iṣẹ́ yín nínú iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Jámánì Ìlà Oòrùn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Stasi. Lẹ́tà ni ẹ ń ṣí. Ẹ ó fi ooru omi gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn àpòòwé títí tí yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ẹ ó yọ ìwé inú rẹ̀, ẹ ó kà á, ẹ ó ya àwòrán rẹ̀ bí ó bá tó yà, ẹ ó tún un lẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yóò gbà á bí ẹni pé ọwọ́ àjèjì kò kàn án rí. Nǹkan bí 90,000 lẹ́tà ni ẹ̀ka yín ń ṣí lójúmọ́ kí ìjọba yín tó wó, ẹ sì lé ní 2,000 tí ẹ jọ wà nídìí iṣẹ́ náà.

"Ẹ" ni mo ń lò fún yín, nítorí ẹni tó jẹ́ ọmọ 30 ọdún nígbà tí Ògiri tó pín ìlú Berlin sí méjì wó ní 1989 ti lé ní 60 lónìí, wọn kò sì kọ́ mi láti máa pe àgbà ní "ìwọ" nítorí pé inú ń bí mi sí i. Inú ń bí mi sí yín lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ̀wé sí àwọn tí ẹ ṣọ́, wọ́n ti kí wọn kú ìrọ́jú, wọ́n ti bá wọn kẹ́dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá, nítorí pé èmi náà ti ṣí lẹ́tà olólùfẹ́ rí.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fẹ́ ọmọkùnrin kan tí bàbá wa ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ilé, nítorí ẹ̀sìn tiwọn kì í ṣe tiwa. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan ló ń bá wọn gbé lẹ́tà. Lọ́jọ́ kan mo rí ọ̀kan lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tí kò tíì ráyè ṣí. Mo gbé e sí ooru ẹnu kẹ́tù, mo rọra ṣí i, mo kà á, mo dá a padà síbi tí mo ti mú un. Nígbà tí bàbá wọlé lálẹ́, mo sọ ọjọ́ tí wọ́n dá àti ibi tí wọ́n ti fẹ́ pàdé fún un. Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Ìwọ ni ọmọ mi." Ẹ̀gbọ́n mi sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìfẹ́ náà parí síbẹ̀. Ọwọ́ tí bàbá gbé lé mi lórí ni n kò tíì rí gbé kúrò títí di òní.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn orílẹ̀-èdè yín, ẹ̀ka yín ni ojú mi ń lọ sí. Mo ka nípa ọgbà ẹ̀wọ̀n, mo ka nípa àwọn tí wọ́n yìnbọn fún lẹ́bàá Ògiri, ọkàn mi bàjẹ́. Síbẹ̀, yàrá yín ni mo máa ń padà sí, yàrá tí ooru omi ti ń rú, tí ẹnì kan jókòó tó ń ka "olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n" tí wọn kò kọ sí i.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ẹ ń wá níbẹ̀?

Ìjọba yín kò fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ẹ ń wá nǹkan kan. Abala 31 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yín sọ pé àṣírí lẹ́tà àti tẹlifóònù kò ṣeé fọwọ́ kàn. Wọ́n fi ihò kékeré kan sílẹ̀ nínú òfin náà, fún ìgbà tí ààbò ìjọba tàbí ẹjọ́ ọ̀daràn bá béèrè fún un. Ihò kékeré yẹn ni 90,000 lẹ́tà ń gbà kọjá lójúmọ́.

Mo mọ ohun tí wọn yóò ti sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: amí, ọ̀tá, ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ẹ ó sì ti rí díẹ̀ nínú wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ti lẹ́tà ìfẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1961, ilẹ̀ mọ́ bá àwọn ará Berlin, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti dábùú ìgboro. Ẹni tó sùn sílé ara rẹ̀ ní ìlà oòrùn, tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sùn ní ìwọ̀ oòrùn, di ará orílẹ̀-èdè mìíràn sí i láàárín òru kan. Láti ọjọ́ náà lọ, lẹ́tà ni ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn lọ bá ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tàbí ará ìwọ̀ oòrùn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba, àṣẹ náà sì lè pẹ́ títí tàbí kó má wá rárá. Ẹni tó bá kọ̀wé pé òun fẹ́ kó lọ bá olólùfẹ́ òun lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbìyànjú láti sá lọ, ẹ̀wọ̀n. Láàárín 1963 sí 1989, Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn fi owó ra ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú tó lé ní 33,000 lọ́wọ́ ìjọba yín, bí ẹni ra ọjà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lójú mi. Lọ́sàn-án, níbi iṣẹ́, gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé àsíá ní ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n dìbò fún àwọn tí a ní kí wọ́n dìbò fún. Nílé, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, nítorí ògiri létí. Lálẹ́, obìnrin kan jókòó ti àtùpà, ó kọ̀wé sí ọkùnrin kan ní Hamburg, ní ìwọ̀ oòrùn, pé ó ti rẹ òun, pé irọ́ ni ìwé ìròyìn ń pa, pé òun lá àlá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan lè kà á, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí pé kò sí bí a ṣe ń fi ẹnu tí a fi ń yin ìjọba sọ fún ẹni tí a fẹ́ràn pé a fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀tẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbé òkúta, kò sì pariwo. Ó sọ òtítọ́ sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó lẹ sìtáǹpù mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ni ẹ gbọ́ òtítọ́ jù lọ ní orílẹ̀-èdè yẹn. Àwọn olórí yín kò gbọ́ ọ. Ìròyìn tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ni wọ́n ń gbé lọ síwájú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ooru omi ni ẹ mọ̀ pé inú àwọn ènìyàn kò dùn, ẹ mọ̀ bó ti rí lára wọn, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀, ojoojúmọ́. Kí ni òtítọ́ yẹn ṣe sí yín? N kò bi yín láti fi yín ṣẹ̀sín. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Nígbà tí ẹ bá délé tí aya tàbí ọkọ yín ní òun fẹ́ràn yín, ṣé ẹ máa ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe ti àwọn ẹlòmíràn?

Ẹ tún mú owó inú wọn. Láti 1984 títí di ìparí 1989, owó márkì ìwọ̀ oòrùn tí ẹ̀ka yín yọ nínú lẹ́tà àwọn ènìyàn ju mílíọ̀nù 30 lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí iye náà, olè ni mo rò. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń ro àwọn méjì tí wọ́n jìnnà sí ara wọn, tí ọ̀kan ní òun fi owó ránṣẹ́, tí èkejì ní òun kò rí i. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò purọ́. Mélòó nínú wọn ló fura sí ara wọn títí ìfẹ́ fi tutù?

Ọ̀tẹ̀ tó hàn gbangba tún wà, ẹ sì mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ọwọ́ yín ló ti kọjá. Láti 1949 sí 1974, ẹ̀ka èdè Jámánì ní rédíò BBC ní Lọ́ńdọ́nù ń ka lẹ́tà tí àwọn ará Ìlà Oòrùn kọ láìfi orúkọ sí i. Ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń wá àwọn lẹ́tà yìí, ẹ ń fi ọ̀nà ìkọ̀wé wé ọ̀nà ìkọ̀wé títí ẹ ó fi rí ẹni tó kọ ọ́. Ní 1970, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan ní Greifswald. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n fún un, nítorí lẹ́tà. Mo máa ń rò ó pé bí ó ṣe ń fa ẹsẹ̀ lẹ́tà kan gùn, bí ó ṣe ń tẹ kálàmù, ohun tí olólùfẹ́ rẹ̀ ì bá fi dá a mọ̀ láti òkèèrè, òun náà ni ẹ fi mú un. Àwọn baba ńlá wa a máa fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn, ẹyọ owó méjì tí a so ní ojú kọ ojú, ẹni tó gbà á nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Ó wù mí kí ọmọ náà ti ní irú rẹ̀.

Ó tún kù àwọn tí wọ́n jọ mí ní àwọ̀. Ní 1979 ìjọba yín bá Mozambique ṣe àdéhùn, nǹkan bí 20,000 ọ̀dọ́ sì wá ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ yín kí 1990 tó dé. Ilé àjọgbé ni wọ́n kó wọn sí, yàrá níwọ̀n-níwọ̀n, pẹ̀lú olùṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà tó ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti wákàtí tó jáde. Ìjọba kò fẹ́ kí wọ́n bá ọmọ onílẹ̀ fẹ́ra. Fún àwọn obìnrin tó wá láti Vietnam, oyún túmọ̀ sí pé kí wọ́n ṣẹ́ ẹ tàbí kí wọ́n dá wọn padà sílé. Kò yí padà títí fi di 1989. Síbẹ̀ wọ́n fẹ́ra. Wọ́n bímọ. Nígbà tí Jámánì di ọ̀kan, wọ́n kó ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Mozambique padà sílé, ọ̀pọ̀ ọmọ sì dàgbà lọ́dọ̀ ìyá wọn láìmọ ohùn baba. Owó oṣù tí wọ́n gé lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn, tí wọ́n sì fi san gbèsè orílẹ̀-èdè wọn, ni àwọn kan ṣì ń rìn kiri ìgboro Maputo, olú ìlú wọn, tí wọ́n ń béèrè. Ṣé lẹ́tà tiwọn náà wá sábẹ́ ooru omi yín? Ta ló ń bá yín túmọ̀ rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó dùn mí jù. Ní oṣù kìíní ọdún 1976, ọ̀gá yín Erich Mielke gbé ìlànà kan jáde, wọ́n pè é ní 1/76. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Zersetzung, kí nǹkan máa jẹrà láti inú wá. Bí wọn kò bá fẹ́ mú ènìyàn kí ayé má baà gbọ́, wọ́n á ba ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á tan àhesọ ká pé ó ń yan àlè. Wọ́n á kọ lẹ́tà tí kò lórúkọ sí ìyàwó rẹ̀. Láti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kó wọni lára, ó di dandan kí ẹnì kan ti mọ ibi tí ìfẹ́ àwọn méjèèjì ti rọ̀. Inú lẹ́tà tí irú yín ṣí ni wọ́n ti lè rí i.

Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ní oṣù kìíní ọdún 1988, wọ́n mú obìnrin ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, Vera Wollenberger, lójú ọ̀nà ìwọ́de kan ní Berlin. Pátákó ló gbé dání, ohun tó sì kọ sí i kò ju ọ̀rọ̀ inú ìwé òfin yín fúnra rẹ̀ lọ, pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ ní gbangba. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, wọ́n lé e kúrò nílùú. Lẹ́yìn tí ìjọba wó, ó ka fáìlì tirẹ̀, ó rí i pé ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní "Donald" ti ń ròyìn rẹ̀ fún Stasi. Donald ni Knud, ọkọ rẹ̀, baba àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà kọ lẹ́tà sí i, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun, ó sì dárí jì í. Mo ti ka ìtàn yẹn bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ní gbogbo ìgbà, ibi lẹ́tà yẹn ni mo máa ń dúró sí.

Nígbà tí 1989 ń parí lọ, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ yín jẹ́ nǹkan bí 91,000, olófòófó tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 189,000, fún mílíọ̀nù 16 ènìyàn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá, Mielke dúró níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn pátá." Àwọn aṣòfin bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ náà ń bà mí, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó gbà á gbọ́. Ẹni tó ti ka lẹ́tà gbogbo ìlú fún ọgbọ̀n ọdún lè máa rò pé mímọ ènìyàn tán ni ìfẹ́. Bàbá mi náà fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi. N kò ṣiyèméjì rẹ̀ rí. Ìfẹ́ ló ní ó mú òun béèrè lọ́wọ́ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà pé, "Kí ló tún kọ síbẹ̀?"

Àwọn obìnrin ìlú Erfurt ló kọ́kọ́ já wọ iléeṣẹ́ yín ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 1989, nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ ń dáná sun ìwé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, èrò ya wọ olú iléeṣẹ́ ní Normannenstraße ní Berlin. Ẹ̀yin ti fi ọwọ́ ya ìwé títí ó fi kún àpò tó lé ní 15,000. Èyí tó kù lódindi, bí a bá tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó tó kìlómítà 111. Láti oṣù kìíní ọdún 1992 ni àwọn ènìyàn ti ń wọlé lọ jókòó ka ohun tí wọ́n kọ nípa wọn. Àwọn kan bá lẹ́tà níbẹ̀, lẹ́tà gidi, tí wọ́n kọ sí wọn, tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Ẹ ro ẹni tó ti fi ogún ọdún gbà pé wọ́n gbàgbé òun, tó wá di ìwé náà mú nínú yàrá ìkàwé, níwájú àjèjì.

Ṣé ẹ jẹ́ kí ọ̀kan kọjá rí? Ṣé lẹ́tà kan wà tí ẹ kà tán, tí ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá, tí ẹ kàn tún un lẹ̀ tí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ? Ó wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó wù mí gan-an ni. Bí ó bá wà, mo fẹ́ gbọ́ ìtàn ọ̀kan yẹn ju gbogbo èyí tí ẹ mú lọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ ẹlòmíràn tipẹ́, ó ti bímọ, ilé rẹ̀ tòrò. Èyí kò sọ ohun tí mo ṣe di rere. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìrọ̀rí, kẹ́tù, ohun tí bàbá sọ. Ó ń ká aṣọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀yìn àpòòwé náà ti rún nígbà tí mo fi mú un. Ìwọ nìkan lo máa ń wọ yàrá mi." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó ní, "Mo ń dúró dè ọ́ ni."

Ó ká aṣọ tó kù, ó gbé e wọ yàrá.

Bí ẹ bá wà láyé, tí ẹ sì fẹ́ dá mi lóhùn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ lẹ àpòòwé náà pa dáadáa. Èmi nìkan ni n ó ṣí i.

Èmi ni,
ẹnì kan tí òun náà ṣí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀.